Bàbá yín ló jàre: Little Joe ló di bàbá inú Little House

Ìbéèrè òǹkàwé kan: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ti lé ní ẹni ọdún 70. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń wo eré àtijọ́ lórí fóònù mi, wọ́n ní ọkùnrin tó ṣe bàbá àwọn ọmọbìnrin inú Little House on the Prairie, òun náà ni Little Joe tí àwọn ń wò nínú Bonanza nígbà èwe wọn. Mo bá wọn jiyàn, torí ojú wọn kò jọra rárá. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni, báwo ni ọmọ kọ́bọ́ì ṣe wá di ọ̀gá tó ń kọ ìtàn, tó tún ń darí eré, nígbà tí a kò gbúròó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Bàbá ló jàre o, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Michael Landon ni orúkọ ọkùnrin náà. Òun ni Little Joe, àbíkẹ́yìn Ben Cartwright nínú Bonanza, láti 1959 títí di 1973. Òun náà ni Charles Ingalls, bàbá Laura, nínú Little House, láti 1974 títí di 1983. Mi ò bá yín wí pé ẹ kò dá a mọ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó kọ́kọ́ gun ẹṣin Little Joe, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ya irun rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó fi máa di Charles, ó ti di géńdé, irun rẹ̀ kún bò ó létí, ó ń la igi, ó ń fi igi kọ́lé, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ ní gbangba bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún.

Ìbéèrè yín kejì ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀lé ìtàn àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà, ohun tí mo sì rí nípa Landon ni pé ibi tí àwọn yòókù ti ń gbowó oṣù ni òun ti ń kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi ṣe ọmọ iṣẹ́ nínú Bonanza, bí ọmọ kékeré ṣe máa ń jókòó ti ọ̀gá télọ̀. Nígbà tó fi máa gba fíríídọ́ọ̀mù, kò sí iṣẹ́ kan nídìí gbígbé eré jáde tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó gbé lọ sídìí iṣẹ́ náà, ilé bàbá rẹ̀ ló ti gbé e.

Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Eugene Maurice Orowitz. New York ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1936, àmọ́ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Collingswood, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ló gbé dàgbà. Júù ni bàbá rẹ̀; ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni ìyá rẹ̀. Ìdílé Júù kò wọ́pọ̀ ní Collingswood nígbà náà, àwọn ọmọ àdúgbò kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Nínú ilé fúnra rẹ̀, ara ìyá kò balẹ̀. Ju ìgbà kan lọ ni obìnrin náà gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọmọ sì mọ̀. Ọmọ tí kò mọ ohun tí òun máa bá nílé bí òun bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀rù ni yóò máa bá sùn. Ó ń tọ̀ sílé títí tó fi di ọ̀dọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé mọ ohun tí ojú ọmọ tó ń tọ̀ sílé máa ń rí: orin tí wọ́n fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́, ẹní tí wọ́n sá sí gbangba. Ìyá Eugene á ká aṣọ ibùsùn tó tọ̀ sí, á fi kọ́ ojú fèrèsé yàrá rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i. Bí agogo ilé ìwé bá ti lù, ọmọ náà á ki eré mọ́lẹ̀. Kì í dúró de ọ̀rẹ́, kì í yà síbì kan. Ó gbọ́dọ̀ dé ilé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yọ sí òpópónà náà, kó gun òkè, kó fa aṣọ náà wọlé. Bó ṣe ń sáré lójoojúmọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ìwé ní abíyá.

Ní 1976, tó ti di gbajúgbajà, tí owó ti wà, ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀, ó sì darí rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n. The Loneliest Runner ló pè é: ọmọkùnrin kan tó ń sáré láti lọ yọ aṣọ ibùsùn lójú fèrèsé, tí eré sísá náà sì wá sọ di eléré ìdárayá. Àwọn òṣèré mìíràn á bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi gbà pé ìgboyà tó wà nínú fíìmù yẹn ju ti gbogbo ìbọn tí Little Joe yìn lọ.

Ní tòótọ́, eré ìdárayá ló kọ́kọ́ yọ ọ́. Nílé ẹ̀kọ́ girama Collingswood, ó ń ju ọ̀kọ̀. Ní 1954 ó ju ọ̀kọ̀ náà dé ẹsẹ̀ bàtà 193 àti ínǹṣì 4, kò sì sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kankan ní Amẹ́ríkà tó jù ú jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Nítorí èyí ni University of Southern California, ní Los Angeles, ṣe fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti wo fíìmù Sámúsọ́nì, òun sì gbà tọkàntọkàn pé irun orí òun ló ń fún òun lágbára. Ní Los Angeles, àwọn eléré ìdárayá ẹgbẹ́ rẹ̀ dì í mú, wọ́n gé irun náà. Kò pẹ́ tí iṣan èjìká rẹ̀ fi já níbi tó ti ń fi tipátipá ju ọ̀kọ̀. Ọ̀kọ̀ jíjù parí síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà sì bá a lọ.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kú. Bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé sinimá ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì ń rò pé àwọn tí òun ti ràn lọ́wọ́ níbẹ̀ máa rántí òun. Ó mú ọmọ rẹ̀ dání lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Los Angeles, ó dárúkọ ara rẹ̀ fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ọlọ́dẹ pe inú ilé. Kò sí ẹni tó jáde. Bàbá dúró títí, ó sì yí padà. Ọmọ ń wò ó. Landon máa ń sọ pé ọjọ́ náà lòun pinnu pé òun ò ní fọkàn sí oore ẹnikẹ́ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa wúlò bí a bá dé ibi tó ti ń kọ ìtàn.

Ó ta epo nílé epo, ó ṣe iṣẹ́ alágbàṣe, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe ti Warner Bros. Ó rí i pé Orowitz kò ní bá a débì kan nídìí fíìmù, ló bá ṣí ìwé tẹlifóònù, ó sì mú Landon nínú rẹ̀. Ní 1957 ó ṣe olú eré I Was a Teenage Werewolf, fíìmù olówó pọ́ọ́kú nípa ọ̀dọ́ tó ń di ìkookò. Ó tún ń yọjú nínú àwọn eré kọ́bọ́ì lórí tẹlifíṣọ̀n, David Dortort ló sì ń gbé ọ̀kan nínú wọn jáde. Ìgbà tí Dortort ń kó òṣèré jọ fún eré tuntun nípa bàbá kan àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló rántí.

Bonanza bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1959, lórí ìkànnì NBC. Ẹ bi bàbá: wọ́n á rántí àwòrán ilẹ̀ tó ń jóná láti àárín, tí àwọn ẹlẹ́ṣin á sì gba inú rẹ̀ yọ. Àwọ̀ mèremère ni wọ́n fi ya eré náà nígbà tí ọ̀pọ̀ eré ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, torí RCA tó ni NBC ló ń ṣe tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn ní ìdí láti rà á. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, kò sì rọrùn fún un níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí alẹ́ Sọ́ńdè ní 1961, ó sì di eré tí wọ́n ń wò jù ní Amẹ́ríkà fún sáà mẹ́ta léra, láti 1964 títí di 1967.

Nǹkan kan wà tó máa ń wú mi lórí. Ọjọ́ tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ọjọ́ náà gan-an ni Landon pé ọmọ ọdún 23. Bonanza ò tíì pé oṣù méjì lórí afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ó ṣeé sọ pé Little Joe àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà ni, kò sì jọ mí lójú pé ó wà lọ́kàn bàbá yín títí dòní.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn kámẹ́rà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Landon kò ju pé kó jẹ́ àbíkẹ́yìn onínú-fùfù tó rẹwà, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ yá nídìí ìbọn, tí àwọn ọmọbìnrin ń kọ lẹ́tà sí. Ó lè fi bẹ́ẹ̀ jẹun títí. Dípò bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá ń ya tirẹ̀, ó ń wo bí olùdarí ṣe ń to òṣèré, ibi tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà sí, bí wọ́n ṣe ń gé ìran kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ní 1962, ọ̀rọ̀ dé pé iṣẹ́ fẹ́ dúró torí pé kò sí ìwé eré tó ti ṣe tán. Landon lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, ó kọ ọ̀kan. Nínú ìtàn náà, wọ́n ká àwọn Cartwright mọ́ ìlú àjèjì, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn wọ́n, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Ó gbé e fún Dortort, Dortort gbà á, wọ́n sì ya á. The Gamble ni wọ́n pè é. Látìgbà náà ló ti ń kọ̀wé. Nígbà tó di 1968, wọ́n gbé iṣẹ́ olùdarí lé e lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú apá tí wọ́n pè ní To Die in Darkness. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ẹ rí i pé ó ti lò tó ọdún mẹ́sàn-án níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó fi gbogbo agbo eré lé e lọ́wọ́.

Ẹ bi mí léèrè àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Pernell Roberts tó ṣe Adam, àkọ́bí, kò fẹ́ràn bí ìwé eré náà ṣe rí, ó sì sọ ọ́ jáde láìbẹ̀rù. Ó kúrò ní 1965. Mi ò bá a wí. Ọ̀pọ̀ ohun tó sọ tọ̀nà. Ó padà rí eré mìíràn, Trapper John, M.D., ní 1979, àmọ́ ọdún mẹ́rìnlá tó wà láàárín kò rọrùn. Lorne Greene tó ṣe bàbá wọn ń rí iṣẹ́ títí ó fi kú ní 1987, ṣùgbọ́n ohùn àti ojú rẹ̀ ni wọ́n ń yá, ìtàn kì í ṣe tirẹ̀. Dan Blocker tó ṣe Hoss, òmìrán onínúure yẹn, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù.

Kí n tó sọ ikú rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun kan nípa rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1964, wọ́n pe àwọn òṣèré Bonanza sí ayẹyẹ kan ní Jackson, ní Mississippi. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn pé àwọn tó ṣètò ayẹyẹ náà ò ní jẹ́ kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀. Blocker ránṣẹ́ padà pé òun ò wá mọ́. Greene àti Landon náà kò lọ. Inú bí àwọn aláṣẹ ìlú náà débi pé wọ́n ní kí àwọn ará ìlú má wo Bonanza mọ́. Àwọn kọ́bọ́ì tí bàbá yín fẹ́ràn dúró síbi tó yẹ lọ́jọ́ náà.

Blocker kú lójijì ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ ọdún 43 péré ni. Landon ti kọ ìtàn oníwákàtí méjì sílẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀: Hoss máa gbéyàwó, wọ́n á sì pa ìyàwó náà. Kí ni kí òǹkọ̀wé ṣe? Landon gbé ìtàn náà lé Little Joe lórí. Òun tó kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló wá dúró níwájú kámẹ́rà láti sunkún. Forever ni àkọlé rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1972. Bí ẹ bá wò ó, ẹ máa rí i pé wọn ò fi ọ̀rọ̀ pọ̀ bo ìbànújẹ́ náà. Ilé tí wọ́n fẹ́ máa gbé ti jóná, ọkọ dúró síwájú eérú, kámẹ́rà sì dúró tì í. Ẹni tó bá mọ ìdí tí ìtàn náà fi di ti Joe, méjì ni òkú tó máa rí níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1973, Bonanza parí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Little House bẹ̀rẹ̀. Ìwé Laura Ingalls Wilder ni wọ́n mú un jáde látinú rẹ̀, Landon sì ni olú òṣèré, òun ni ọ̀gá àgbà nídìí gbígbé e jáde, ó tún darí apá tó lé ní 80. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà ni wọ́n ti wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Bonanza. Àwọn kan ní eré ẹbí lásán ni, kò sí lára eré kọ́bọ́ì. Èmi kò gbà. Ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà àtijọ́ kan náà ni, ẹṣin kan náà, ọ̀dá àti àìsàn kan náà. Ohun tí Landon ṣe ni pé ó gbé ìbọn kọ́ ara ògiri, ó sì ní kí bàbá wọlé jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi aṣọ ibùsùn rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà lójú fèrèsé ló kọ́ ilé tí ọmọ kì í bẹ̀rù láti sọ ohun tó ṣe é. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Nàìjíríà tí ojú wọn máa ń yí padà bí wọ́n bá gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn, tí àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ń sáré bọ̀ láti orí òkè.

Mi ò ní sọ pé kò ní àléébù. Ó yí ìwé náà padà gan-an, débi pé òun àti Ed Friendly tó kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ ìwé náà kò lè ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́. Omijé pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ nígbà mìíràn ju bó ṣe yẹ lọ. Nílé rẹ̀, ó gbéyàwó nígbà mẹ́ta, ó ní ọmọ mẹ́sàn-án pẹ̀lú àwọn tó gbà tọ́. Nígbà tó fi ìyàwó kejì sílẹ̀ lọ fẹ́ obìnrin tó ń kun ojú òṣèré nídìí Little House, ó dun àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, torí wọ́n ti gbà pé òun gan-an ni Charles. Ó dun àwọn ọmọ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe parí Little House ni kò sí ẹni tó gbàgbé. Ilẹ̀ àyálò ni wọ́n kọ́ ìlú Walnut Grove sí, ní Simi Valley, ní California, àdéhùn sì ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ dá ilẹ̀ náà padà bí wọ́n ṣe bá a. Àwọn mìíràn á pe kátakátá. Landon kọ ọ́ sínú ìtàn: àwọn ará ìlú gbọ́ pé olówó kan ti ra gbogbo ilẹ̀ wọn, wọ́n sì yàn láti fi ohun ìbúgbàù wó ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́, kí ó má bàa di tirẹ̀. Ilé tí ẹ ń rí tó ń fọ́ yángá nínú apá náà, ilé tí wọ́n ti ń ya eré fún bí ọdún mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. Oṣù Kejì 1984 ni wọ́n gbé apá àkànṣe yìí jáde, lẹ́yìn tí eré ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ náà ti parí ní 1983. Ẹni tó dúró ní géètì pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àná ló kọ ọ́, mo sì gbọ́ ohùn ọlọ́dẹ yẹn nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó bẹ̀rẹ̀ Highway to Heaven, níbi tó ti ṣe áńgẹ́lì tó ń rìn kiri láti ran ènìyàn lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Victor French tó ti ṣe Ọ̀gbẹ́ni Edwards nínú Little House. Ó parí ní 1989, ọdún tí jẹjẹrẹ pa French. Láti 1959 di 1989, ọgbọ̀n ọdún, eré mẹ́ta, ìkànnì kan náà.

Ní oṣù Kẹrin 1991, àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀ya ara tó wà lẹ́yìn ikùn, èyí tí wọ́n ń pè ní pancreas. Ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó pe àwọn oníròyìn sí ilé rẹ̀ ní Malibu, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ó lọ sórí ètò Johnny Carson, ó jókòó, ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọmọ ọdún 54.

Bí ẹ bá padà jókòó ti bàbá, ẹ wá Forever fún wọn. Kí ìtàn tó wọra, orúkọ àwọn tó ṣe é á máa yọ lójú fóònù. Ẹ dá a dúró níbi tí orúkọ òǹkọ̀wé àti ti olùdarí bá ti yọ, kí ẹ sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè fún wọn.